Òógùn ló kọ́kọ́ mú un kí òtútù tó dé

Orí òkè oníyìnyín la wà, ọwọ́ àbúrò kan tá a jọ rìnrìn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó fẹ́ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ó dì í mú, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún dì í mú, ó tún yọ̀, àfi bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Òun ló sì lágbára jù nínú àwa mẹ́rin o, òun lọ́jọ́ orí ẹ̀ kéré jù, òun náà ni jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáa jù, ká má parọ́. Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan, ó ní "mo wà pa sà", àmọ́ ẹnu ẹ̀ wúwo, ó dún bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà eyín.

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tá a padà délé tá a wá ń tú u palẹ̀ ni mo rí i pé kì í ṣe pé kò wọṣọ tó. Ó wọ̀ ọ́ jù ni. Ibi tọ́rọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe orí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ìsàlẹ̀ níbi tá a páàkì mọ́tò sí ni, ó ti lé ní wákàtí méjì kó tó di pé ọwọ́ ẹ̀ kọ̀ fún un.

Àwa mẹ́rin la jọ lọ: ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń rin irú ìrìn yìí tipẹ́, òun ló ṣíwájú, àǹtí kan, èmi, àti àbúrò yìí tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìrìn ọjọ́ kan ni, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án lórí yìnyín, ká gba inú igbó gòkè, ká yọ sí góńgó òkè níbi tí igi ò sí mọ́, ká jẹun, ká sọ̀ kalẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tẹmómítà mọ́tò ń sọ -18 ní ìwọ̀n Celsius. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, irú ọjọ́ tí yìnyín máa ń ké wíín-wíín lábẹ́ bàtà.

Ẹ wo ohun tó wọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ló kan ara ẹ̀, ó wọ T-shirt òwú alápá gígùn lé e, ó wọ hoodie tó nípọn lé ìyẹn, òwú náà ni, kó tó wá gbé jákẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n ki ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí nínú lé gbogbo ẹ̀ lórí. Nísàlẹ̀, ṣòkòtò jọ́gà òwú wà lábẹ́ ṣòkòtò ìta tí omi ò lè wọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn sínú bàtà tó jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ kan ló fi dán an wò nígbà tó ń rà á. Ìbọ̀wọ́ ẹ̀ oníka márùn-ún ni, ó sì fún un. Fìlà ẹ̀ dáa, mi ò lè sọ nǹkan kan sí fìlà yẹn.

Èmi ní tèmi, ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló kan ara mi, jákẹ́ẹ̀tì pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń dí afẹ́fẹ́ wà lórí ẹ̀, ó tán. Fleece mi (ẹ̀wù póliẹ́sítà múlọ́múlọ́ tó ń pa ooru mọ́) àti jákẹ́ẹ̀tì ńlá mi wà nínú báàgì. Òtútù ń mú mi níbi tá a dúró sí yẹn ò, kí n sòótọ́, mò ń fò sókè sódò, àǹtí ń fọwọ́ gbá itan, ẹ̀gbọ́n ń rìn yí mọ́tò po. Àbúrò wá ń fi wá rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, ẹ̀yin lẹ wá ń gbọ̀n yìí." Ẹ̀gbọ́n bi í pé, "O ò ní bọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀?" Ó ní, "Rárá sà, ara mi móoru dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan an ló yẹ kó ta wá lólobó. Tí ara èèyàn bá ti móoru dáadáa nígbà tí ò tíì gbé ẹsẹ̀ kan, aṣọ yẹn ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ooru tí ara ẹ̀ ń mú jáde ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti gílóòbù àtijọ́ kan lọ, bíi wọ́ọ̀tì 100. Ẹni kan náà, ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn kó máa gun òkè lórí yìnyín, ó lè di ìlọ́po márùn-ún. Kò sí aṣọ kan tó lè bá ìjókòó àti gígun òkè mu lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbọ̀n nísàlẹ̀, à ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tutù ká má bàa rin.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èéfín fi ń rú lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan an ni mo wà, mò ń wo èéfín yẹn tó ń jáde láàárín fìlà àti kọ́là bíi ti ìkòkò tí wọ́n ṣí lórí iná, mo rí òógùn tó ń kán ní imú ẹ̀ nígbà tó bojú wẹ̀yìn, mo sì sọ nínú ara mi pé tó bá yá ó máa sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Síìpù ló kàn ṣí dé àyà. Lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé látìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún ló ti ń wu òun kóun dúró, ojú ló ń ti òun, òun ni ẹni tuntun, òun lòun fi wá rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, báwo ló ṣe máa wá jẹ́ òun ló máa ní kí gbogbo èèyàn dúró de òun, kóun sọ báàgì kalẹ̀, kóun máa bọ́ṣọ, kóun tún máa wá ibi tóun máa kì í sí, torí báàgì ẹ̀ kékeré ni, jákẹ́ẹ̀tì yẹn ò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti gbọ́ nípa aṣọ òtútù, oríṣi aṣọ ni wọ́n ń sọ, mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kankan ka ìtìjú mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ìtìjú ló so jákẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ ọmọ náà lára fún wákàtí méjì. Èmi tí mo rí èéfín tí mi ò ya ẹnu mi, ti èmi ṣì tún wà níbẹ̀ o.

Ohun tó ń lọ lábẹ́ aṣọ ẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn nìyí. Aṣọ ò ní ooru tiẹ̀, ara ló ń dáná, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín fọ́nrán aṣọ ló ń dá ooru yẹn dúró kó má sá lọ. Bí omi bá lọ gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn, ó parí, torí omi ń gbé ooru kúrò lára ju afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25. Òwú ló wá burú jù nídìí ẹ̀, ó máa mu omi yó, á lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́, kò sì ní tètè gbẹ. Irun àgùntàn lè fa omi tó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara ẹ̀ kéèyàn má tíì mọ̀ ọ́n lára pé ó rin, póliẹ́sítà ní tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi rárá, ó ń tì í síta ni. Àbúrò wá to òwú mẹ́ta léra wọn. Òógùn kún síńgílẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sínú T-shirt, ó dé hoodie, èyí tó di èéfín nínú ẹ̀ ń tẹ̀ síwájú títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ ìta jákẹ́ẹ̀tì níbi tó ti tutù, ibẹ̀ ló dì sí, nínú ìyẹ́ yẹn. Ìyẹ́ tó bá ti rin kì í dúró wúùwúù mọ́, ó máa wúnjọ bí irun ajá tí òjò pa. Tẹ́ ẹ bá wò ó látìta ẹ ò lè mọ̀. Ó ṣì jọ jákẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ìgbà tó ń gòkè, kò lè mọ̀, torí iná inú ara ẹ̀ ń jó. Àsìkò tá a bá jókòó ló máa wá san gbèsè ẹ̀.

A yọ sí góńgó òkè, afẹ́fẹ́ pàdé wa. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn afẹ́fẹ́, ó gbé e sókè, ó ń sọ nǹkan bíi 30 kìlómítà ní wákàtí kan, òtútù ti di -20. Ìṣirò wind chill tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ń lò látọdún 2001, tẹ́ ẹ bá ki nọ́ńbà méjèèjì yẹn sí i, -33 ló máa gbé jáde, ìyẹn ni pé ojú tí nǹkan ò bò máa tutù bí ẹni pé -33 ni níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Àwa mẹ́ta sọ báàgì kalẹ̀, a fa jákẹ́ẹ̀tì ńlá yọ, a wọ̀ ọ́ lórí gbogbo nǹkan tó wà lára wa, ká tó mu omi, ká tó sọ̀rọ̀ gan an. A ò rò ó, bí ẹni ń nu imú ni. Òun ò ní nǹkan tó fẹ́ fà yọ. Gbogbo ohun tó ní ló ti wà lọ́rùn ẹ̀ láti àárọ̀.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan kó lè ya fọ́tò. Fóònù ti kú, bátìrì tó ju ìdajì lọ nígbà tá a kúrò nísàlẹ̀ (àpò ìta ló fi sí, nínú irú òtútù yẹn inú aṣọ ló yẹ kó wà, nítòsí ara), ó ń tẹ̀ ẹ́, kò tàn, ó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ń bẹ níta. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti ń gbọ̀n. A ò ka ìyẹn sí, ta ni kì í gbọ̀n. Ó wá dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ wa láti àárọ̀, kò sọ nǹkan kan mọ́. Àǹtí gbé ife omi gbígbóná tó ti fi ṣúgà sí fún un, ife yẹn dojú dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń wo òun. Ìgbà tí mo rí ọwọ́ ẹ̀ lórí síìpù nìyẹn.

Ẹni tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó ń kùn láìnídìí, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ má bi í pé ṣé ó wà pa. Ó máa ní òun wà pa. Tí inú ara bá ti lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ọpọlọ gan an á ti máa tutù, òun lẹ wá fẹ́ kó dájọ́ ara ẹ̀. A ò ní tẹmómítà tá a lè fi wò ó, mi ò lè sọ iye tó wà, ohun tí mo rí ni mò ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n ní ká dìde, ká kúrò lójú afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A mú un sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín igi, kò jìnnà, a tẹ́ fóòmù sílẹ̀, a to báàgì lé e, a gbé e jókòó lórí ẹ̀ torí ilẹ̀ yìnyín náà ń fa ooru. Ẹ̀gbọ́n wá ní kó bọ́ gbogbo aṣọ òkè ẹ̀. Ó kọ̀ o. Ó ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, òtútù ń pa mí, ẹ tún ní kí n bọ́ṣọ", tẹ́ ẹ bá wò ó lójú tiẹ̀, òótọ́ ló jọ. Àmọ́ aṣọ tútù yẹn ló ń mu ooru ẹ̀, kò sí bá a ṣe lè to aṣọ gbígbẹ lé orí omi. Àǹtí kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na tapólì kan ká wa, àwa ọkùnrin méjì bọ́ ọ dé awọ ara, mo fi ìborùn gbígbẹ nu ẹ̀yìn ẹ̀ àti àyà ẹ̀, mo wọ ẹ̀wù irun àgùntàn tó ṣẹ́kù nínú báàgì mi fún un, fleece àǹtí tẹ̀ lé e, jákẹ́ẹ̀tì ńlá ẹ̀gbọ́n, fìlà gbígbẹ, a sì fi jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ mi bo gbogbo ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọkàn mi lù jù bí ìgbà tí mò ń gòkè lọ.

A jókòó tì í bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A ò jẹ́ kó rìn. Ó ń gbọ̀n gan an ní gbogbo ìgbà yẹn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ní inú òun dùn sí gbígbọ̀n yẹn, iná ṣì wà nínú ẹ̀ ni, ṣúgà ni igi tá a fẹ́ máa kó sí i, tó bá ṣáà lè di ife mú fúnra ẹ̀ tó sì lè gbé e mì. Ká ní gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró nígbà tí ara ò tíì móoru ni, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀sọkúsọ, ìyẹn ti kúrò ní tiwa, àwọn adóòlà ẹ̀mí lèèyàn ń pè, kí wọ́n fi ẹni náà sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n má sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ọtí ńkọ́? Ẹ gbàgbé ọtí. Ó máa ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ara á dà bíi pé ó gbóná, ooru inú á sì máa sá lọ.

Orí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ti yí padà, ó ń dán bí àbẹ́là, kò mọ nǹkan kan lára, àmọ́ ó ṣì rọ̀. Èmi ni mo fẹ́ máa fọwọ́ ra á, ẹ̀gbọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọn kì í ra á, awọ tó ti fẹ́ dì, èèyàn lè ya á nínú. Abẹ́ abíyá ẹ̀ la ní kó ki ọwọ́ bọ̀, lórí awọ ara. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ ó ké, ó ní ó ń ta òun bí iná, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúpẹ́ pé nǹkan ń dun èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ó le bí igi ni, a ò ní yọ́ ọ níbẹ̀, torí ìka tó bá yọ́ tó tún padà dì, ìgbà kejì yẹn ló ń bà á jẹ́ jù. Ilé ìwòsàn tàbí ibi tí kò ti lè dì mọ́ ni wọ́n ti ń tì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, bíi 37 sí 39, kì í ṣe omi gbígbóná.

Ìbọ̀wọ́ alápò, èyí tí ìka mẹ́rin jọ ń gbé yàrá kan, la wọ̀ fún un, torí ìka tó dá wà máa ń tètè tutù ju èyí tó fara ti ẹnì kejì ẹ̀. A tú okùn bàtà, a bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan nínú méjèèjì. Ó ní òun ò mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun mọ́ láti ìdajì ọ̀nà, ó sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀ nínú bàtà tó fún, ẹ̀jẹ̀ ló ń fún pa. A ò tíì rìn jìnnà nígbà tó ní ẹsẹ̀ òun ti ń padà bọ̀.

A délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Hoodie yẹn, a gbé e sí búùtù mọ́tò pẹ̀lú bá a ṣe bọ́ ọ, ó ti gan paali, ó dúró lórí ara ẹ̀ nígbà tá a gbé e jáde, apá méjèèjì nà síwájú bí ẹni pé èèyàn kan ṣì wà nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a tú jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ sódì, yìnyín wẹ́wẹ́ ló lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ní ìpele mẹ́ta ni wọ́n kọ́ òun: èyí tó ń gba òógùn kúrò lára, èyí tó ń pa ooru mọ́, èyí tó ń dí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni, mi ò bá a jà, àmọ́ àbúrò ní mẹ́rin, iye ọ̀hún kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tèmi ni pé aṣọ tó wà nínú báàgì ṣe pàtàkì tó èyí tó wà lára, báàgì sì gbọ́dọ̀ ní àyè tó ṣófo láàárọ̀, àyè tí aṣọ máa bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n tún sọ ọ̀kan tí mi ò rò rí, pé nínú òtútù tó le tó báyìí yìnyín gbẹ bí ìyẹ̀fun, kò sí òjò tó fẹ́ rọ̀, kí lèèyàn ń fi aṣọ tí omi ò lè wọ̀ ṣe tí kò sì jẹ́ kí òógùn jáde, èyí tó ń dí afẹ́fẹ́ tó sì ń mí ló dáa jù. Àbúrò náà wá ní ṣebí wọ́n ní ìdajì ooru ara orí ló ń gbà jáde, òun sì dé fìlà. Kò rí bẹ́ẹ̀, orí ò gba ju bó ṣe tóbi lára lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àmọ́ fìlà wúlò fún nǹkan mìíràn: òun ló yá jù láti ṣí tí ara bá ń gbóná, kò gba kéèyàn sọ báàgì kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn a padà lọ, òkè kan náà, -22 láàárọ̀. Àbúrò wọ ẹ̀wù irun àgùntàn fẹ́lẹ́ kan, fleece pẹlẹbẹ lé e, jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tó ní síìpù lábẹ́ abíyá, jákẹ́ẹ̀tì ìyẹ́ rẹpẹtẹ yẹn wà nínú báàgì tuntun tó tóbi, ìbọ̀wọ́ méjì, ìbọ̀sẹ̀ kan. Ó ń gbọ̀n níbi tá a páàkì sí, ó ń kùn, ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn dáa. Nǹkan kan ṣoṣo la fi kún un: pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa máa dúró, ara ń gbóná o, ara ò gbóná o, kí olúkúlùkù bọ́ ohun tó bá fẹ́ bọ́, kó má di pé ẹnì kan ló dá àwọn yòókù dúró. A dúró lóòótọ́. Ó bọ́ fleece, ó ki í sínú báàgì, kò gba ìṣẹ́jú kan. Èmi ò bọ́ nǹkan kan, mo ti wọ fleece tèmi láti ìsàlẹ̀ torí mi ò fẹ́ràn bí òtútù àárọ̀ yẹn ṣe ń bù mí ní igbáàyà, mo ní kò nípọn jù.

Ẹ̀yìn mi ló wà lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga gan an ni mo gbọ́ tó ní, "Bọ̀dá, ọrùn yín ń rú èéfín." Mo ní kò sí nǹkan, pé ó kù díẹ̀ ká dé orí ibi tó ga yìí. Ó kọjá mi, ó dúró sójú ọ̀nà níwájú mi, kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn nawọ́ síta pé kí n gbé e wá. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo bọ́ fleece, mo gbé e fún un.